Ẹ̀san Tí Mo Kà sí Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Létí

Títí di òní, bí mo bá ti gbóòórùn epo pupa tó ń hó lórí iná, tó kù díẹ̀ kí omi inú rẹ̀ gbẹ tán, ìbàdí mi ọwọ́ òsì á bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Òórùn yẹn ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni tó bá gba ọ̀nà Banigbé wọ Ìfọ̀nyìn, ìlú wa ní orílẹ̀-èdè Benin, kí ó tó rí ìkóríta rárá, kí ó tó rí àwọn zẹ́mi, àwọn ọlọ́kadà wa, tí wọ́n to alùpùpù wọn sábẹ́ igi. Lábẹ́ páànù kan tí èéfín ti sọ di dúdú ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ti ń se epo níbẹ̀. Ìṣó kan wà lára òpó tó gbé páànù náà ró. Lára ìṣó yẹn ni fóònù mi gbé kọ́ ní gbogbo àkókò òjò ọdún kan, nínú ọ̀rá, kí epo má baà ta sí i. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ ni ohun tí wọ́n fi fóònù yẹn ṣe mí, àti bí mo ṣe san án padà. Mi ò sọ ọ́ kí o lè yìn mí o. Àwọn tó ń yìn mí ti pọ̀ jù, inú sì ń bí mi sí gbogbo wọn.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí fóònù ènìyàn fi ń gbé lára òpó ẹlòmíràn. Ilé wa wà ní apá ibi tí ilẹ̀ ti ń wọ Nàìjíríà. Bí o bá tan fóònù níbẹ̀, rẹ́sò, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti Nàìjíríà ló máa gbá a mú, yóò sì kí ọ káàbọ̀ sí orílẹ̀-èdè tí o kò lọ. Síìmù Benin á kàn dákẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń retí ìpè pàtàkì láti Kútọnu tàbí láti Àjàṣẹ́, tí àwọn aláṣẹ ń pè ní Porto-Novo, á gbé fóònù rẹ̀ fún ẹnì kan ní ìkóríta, níbi tí rẹ́sò tiwa ti dúró dáadáa. Fóònù tíṣà wà lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì, ti ẹlòmíràn wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà. Ẹni tí fóònù bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé e bó bá dún, á ní òun ti gbọ́, á sì ránṣẹ́ sílé. Kò sẹ́ni tó ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìgbà tí ènìyàn fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò ni.

Ní tèmi, ìpè pọ̀ nínú ayé mi ju ti ẹlòmíràn lọ. Fòníkú-fọ̀ladìde ni àìsàn tí wọ́n bí mọ́ mi. SS ni wọ́n ń pè é ní ilé ìwòsàn. Ẹni tí kò gbé pẹ̀lú irú àìsàn bẹ́ẹ̀ rí rò pé oògùn mímu ni iṣẹ́ aláìsàn. Irọ́ ni. Iṣẹ́ aláìsàn ni kí ó máa dáhùn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín ti jáde, ẹ wá gbà á. Dókítà kò sí lọ́la, a ti sún ọjọ́ yín síwájú. Oògùn yín kò tíì dé, ẹ tún pè. Nọ́ọ̀sì kan máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, Faransé rẹ̀ ń sáré, adìẹ ń ké lẹ́yìn rẹ̀, n óò gbọ́ ọ títí, mi ò ní mọ̀ bóyá àárọ̀ ló ní kí n wá tàbí ọ̀sán. Àwọn nọ́ńbà kan wà tó jẹ́ pé àwọn nìkan ló lè pè ọ́. Bí o bá pè wọ́n padà, ohùn kan á ní kò sí nọ́ńbà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ara bá dá mi nìkan ni mo lè máa lé gbogbo èyí kiri. Bí ìrora bá dé, tó wọnú egungun, mi ò lè wo ojú fóònù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gan-an á máa gún mi lójú. Nígbà tí n óò bá fi padà sáyé, àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ á ti gun orí ara wọn, èyí tó dé kẹ́yìn á ti fagi lé èyí tó kọ́kọ́ dé, wọ́n á sì ti máa bínú pé mi ò dáhùn.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni mò ń lò nígbà yẹn, èyí tí ọ̀gá mi gbà mí nímọ̀ràn pé kí n rà lọ́jọ́ tí mo parí iṣẹ́ kíkọ́, ẹsẹ̀ òsì mi ló sì mọ̀ ọ́n tẹ̀ jù. Nígbà tí ìbàdí ọwọ́ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo rò pé ìrora àtẹ̀yìnwá náà ni, tó máa ń wá, tó máa ń lọ. Èyí kò lọ. Dókítà kan l'Àjàṣẹ́ gbé fọ́tò egungun mi sójú iná, ó fi ìka yí ibì kan po. Ó ní, "Madame, ẹ̀jẹ̀ ò dé orí egungun itan yín mọ́. Kò tíì wó. Tí a bá tètè lu ihò sí i, ó lè dúró bẹ́ẹ̀." Ó ní oníṣẹ́ abẹ kan ń bọ̀ láti òkèèrè, tí kò ní pẹ́ rárá kó tó padà, pé òun máa fi orúkọ mi sí i. "Ẹ má pa fóònù yín o. Ìpè la ó fi mú yín." Mo ń tiro jáde níbẹ̀, inú mi sì ń dùn. Mo ti ń ronú aṣọ ọdún àwọn ènìyàn tí n óò rán bí mo bá lè tún tẹ ẹ̀rọ.

Mo gbé fóònù fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lọ́jọ́ kejì. Òun ni àgbà àwọn obìnrin ilé wa, òun ló gbé mi wọlé lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọwọ́ rẹ̀ tóbi, ó pupa títí dé ìgbọ̀nwọ́ nítorí epo. "Gbé e kọ́ síbẹ̀," ó ní. "Etí mi ń bẹ níbẹ̀." Òjò bẹ̀rẹ̀, òtútù wọ ara mi, ìrora sì gbé mi dè mọ́ orí ẹní. Ọkọ mi máa ń gba ìkóríta kọjá bó bá ń ti oko bọ̀, á béèrè, wọ́n á ní kò sẹ́ni tó pè. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fúnra rẹ̀ bu epo wá fún mi nílé, mo bi í léèrè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àwọn ará Àjàṣẹ́ ò tíì pè?"

"Ìyàwó, ara ẹ ni kó o mójú tó. Tí nǹkan bá wà, ṣé mi ò ní wí ni?"

Mo gbà á gbọ́. Kí ló fẹ́ mú mi má gbà á gbọ́? Ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa epo sí mi léjìká, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọbẹ̀ gbígbóná kó tó fún mi.

Nígbà tí mo lè gun alùpùpù, mo ní kí zẹ́mi kan gbé mi lọ sí Àjàṣẹ́ láìpe ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà dókítà wo ojú mi, ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tún wo ojú mi. "Madame, mais on vous a appelée! A pè yín, a tún pè yín. Ìyá kan ló ń gbé e. Ó ní ẹ ti lọ sí Èkó, pé ẹ ò ṣe é mọ́." Oníṣẹ́ abẹ ti dé, ó ti ṣe ti àwọn ẹlòmíràn, ó ti padà síbi tó ti wá. Wọ́n tún ya fọ́tò mìíràn. Dókítà kò fi ìka yí ibì kankan po lọ́jọ́ náà, nítorí pé èmi gan-an rí i: orí egungun tó yẹ kó rí róbótó ti tẹ́ bí ẹyin tí ènìyàn jókòó lé. Ó ní ihò lílù kò wúlò mọ́. Ó ní kí n má tẹ ẹ̀rọ mọ́. Ohùn rẹ̀ tutù, mo fẹ́ràn bó ṣe tutù, nítorí pé ara tèmi ti ń gbóná títí dé irun orí.

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní ìkóríta níbi tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti ń fi igi ro epo. Mo bi í léèrè níwájú àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́. Kò sẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú nìyẹn, pé kò tilẹ̀ rí ìdí tó fi yẹ kó sẹ́.

"Wọ́n ní àwọn fẹ́ lu egungun ẹ," ó ní. "Donc, kí n gbé irú ọ̀rọ̀ yẹn wá ká aláìsàn mọ́ orí ẹní? Àbúrò bàbá wa obìnrin tí wọ́n gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ṣé ó jáde? Mo ní o ti lọ sí Èkó, kí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀, quoi. Mo ṣe é kó o lè wà láàyè ni."

Ìwọ náà mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ tó bá le, etí aláìsàn kọ́ ni wọ́n ń gbé e lọ tààrà. Àgbà kan á gbà á, á yí i wò, á yọ ẹ̀gún inú rẹ̀ kúrò, á wá fún ọ ní ìyókù bí ẹni ń fún ọmọdé ní ẹja. Èyí tó bá jẹ́ ẹ̀gún lásán, á gbé e mì, o kò sì ní mọ̀ láé pé ó wà. Wọ́n ń pe èyí ní ìfẹ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, egungun mi ni ẹ gbé mì." Mo pariwo. Mo pè é ní orúkọ kan tí mi ò ní tún pè níbí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n pè mí síwájú baálé. Ọkọ mi jókòó, ó ń wo ilẹ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ìjà kì í ṣe tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa ìpè, tàbí nípa dókítà. Ariwo tí mo pa lé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lórí ni wọ́n fi gbogbo ọ̀rọ̀ sọ. Baálé ní, "Kúnlẹ̀, kó o bẹ̀ ẹ́." Mo kúnlẹ̀. Ìbàdí tó bàjẹ́ yẹn gan-an ni mo fi kúnlẹ̀, mo sì gbọ́ bí ó ṣe ń rọ́ nínú ẹran ara mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Ó ti tán. Dìde, ìyàwó." Mi ò lè dìde. Gbogbo wọn ń wò mí lórí ìkúnlẹ̀ títí ọkọ mi fi wá fà mí sókè lábíyá. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo ti búra. Mo ní inú mi kò ní tutù sí obìnrin yìí títí yóò fi mọ ohun tó ṣe mí, nínú ara tirẹ̀.

Mo gba fóònù mi kúrò lára ìṣó. Mo ta ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀, mo ra èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, mo sì háyà ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ kan ní ìkóríta, ní òdìkejì ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gan-an, kí n lè máa gbé fóònù mi fúnra mi, kí n sì máa rí i. Bí mo bá ń yí ẹ̀rọ, mo ń ro ohun tí n óò ṣe. Mo ro ó pé kí n bu omi sínú epo rẹ̀ lọ́jọ́ tí oníbàárà ńlá bá ń bọ̀. Mo ro ó pé kí n má ki í mọ́, ṣùgbọ́n mo ń kí i, mo ń kúnlẹ̀ ìdajì, mo ń rẹ́rìn-ín. O ò mọ bí ẹ̀rín ṣe ń koro lẹ́nu àfi bí o bá rín in fún ọ̀tá rẹ láràárọ̀.

Nígbà tó yá, epo gbígbóná ta sí i lẹ́sẹ̀. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé kò mọ̀ ọ́n lára. Egbò náà kò jinná, ó ń tóbi sí i, wọ́n gbé e lọ sí Àjàṣẹ́, wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni, pé ó ti pẹ́ lára rẹ̀. Báyìí ni òun náà di ẹni tí wọ́n ń pè. Lójijì, ó wá ń sá fún fóònù. Bó bá dún lára ìṣó, á máa ro epo bí adití. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó, ojú rẹ̀ kò ríran kàwé, kò sì gbọ́ Faransé tó nípọn. Ọkọ mi mú fóònù náà wá bá mi ní ìsọ̀. Kò lè wò mí lójú. "Ìwọ lo gbọ́ èdè wọn," ó ní. "Jọ̀ọ́, bá wa mójú tó o."

Ohùn nọ́ọ̀sì kan ló kọ́kọ́ dé. Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn aṣọ tí mo fi bo ìsọ̀. Ó ní egbò náà ti ń sún mọ́ egungun, kí ìyá wá ní mardi, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹsẹ̀ lè lọ. Ìka mi wà lórí ibi tí wọ́n ti ń pa á rẹ́. Kò sí ohun tó rọrùn jù ú lọ láyé. Mo lè ní wọn ò tíì pè. Mo lè ní ó ti lọ sí Èkó. Ẹsẹ̀ kan fún ẹsẹ̀ kan. Mo jẹ adùn rẹ̀ lẹ́nu fún ìgbà díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ohun tó dá mi dúró kì í ṣe àánú. Mo ro ó pé bí mo bá dákẹ́, á máa ro epo rẹ̀ ní tirẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, bí tèmi ṣe balẹ̀ nígbà tí mò ń jẹ ọbẹ̀ rẹ̀. Ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn ni mi ò fẹ́ fún un. Gbígbọ́ ni ohun tó ń bà á lẹ́rù jù lọ láyé, nítorí náà, ó máa gbọ́.

Mo sọdá títì, mo tẹ fóònù kí ó ké sókè, mo sì dúró láàárín àwọn obìnrin tó ń fọ ẹyìn. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ gbólóhùn kan, mo dá a dúró, mo túmọ̀ rẹ̀. Mi ò yọ ẹ̀gún kankan. "Wọ́n ní ó ti ń wọ egungun, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní bí ẹ ò bá wá ní mardi, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà." Igi ìro-epo dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, ó sì dùn mọ́ mi nínú, ó dùn bí omi tútù lọ́sàn-án.

"Ìyàwó! Ṣé ibi tí wọ́n ti ń wí irú ẹ̀ nìyí?"

"Ibí ni fóònù gbé kọ́, ẹ̀gbọ́n. Ibí náà la ó ti gbọ́ ọ."

Ó lọ ní mardi. Kí ló fẹ́ ṣe, nígbà tí gbogbo ìkóríta ti gbọ́? Láti ọjọ́ yẹn, mo di ẹrú fóònù rẹ̀. Bí wọ́n bá sún ọjọ́ síwájú, mo sọdá nínú òjò láti wí i. Bí àyẹ̀wò ṣúgà bá burú, mo ka iye rẹ̀ sókè kí oníbúrẹ́dì náà lè gbọ́, kó má baà tà fún un mọ́. Bí ó bá ní, "Rọra sọ ọ́, ìyàwó," mo máa ń dáhùn pé, "Bí wọ́n ṣe wí i nìyí." Nígbà tí ìrora tèmi dé, mo ní kí zẹ́mi gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo wa eyín pọ̀, mo ka ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà, mo sì ní kó gbé mi padà sílé. Ìwọ wò ó: èmi tí mi ò lè lé ti ara mi bá rí, mi ò pàdánù ọ̀kan nínú tirẹ̀. Ìbínú ni mo fi ń ṣe é. Mi ò mọ̀ pé ìbínú lágbára tó bẹ́ẹ̀ lára ẹni tó ń ṣàìsàn.

Ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ni wọ́n gé níkẹyìn. Ẹsẹ̀ dúró. Dókítà ní bí kì í bá ṣe pé ìyá yìí ń wá lásìkò, ìtàn mìíràn ni à bá máa sọ. Nílé, baálé pè mí, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà títí ọrùn fi ń ro mí. Bí wọ́n bá gbé ìyàwó tuntun wọlé báyìí, èmi ni wọ́n ń fi ṣe àpẹẹrẹ: ẹ wo ìyàwó tó gba ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀ là lẹ́yìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá kúnlẹ̀ fún mi. Mo gbé ẹ̀san sọ́wọ́, wọ́n ń pè é ní ìwà rere, mi ò sì rí ẹni tí mo lè sọ fún pé irọ́ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oníbàárà kò pọ̀, mo sọdá lọ bá a, mo gbé fóònù rẹ̀ kọ́ sára ìṣó, bí mo ti máa ń ṣe kí n tó ka ohun tó tún dé. Ó jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ náà síwájú, epo ń hó lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí.

"Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Tó o bá ń ka àwọn nǹkan yẹn, ojú ẹ máa ń tàn."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Kò tíì tó?"

"Kò tíì tó."

Ó mi orí. Kò bẹ̀ mí, kò sunkún. Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó yọ fóònù lára ìṣó, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu epo ojú rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Bon," ó ní. "Kà á."

Láti ọjọ́ yẹn ló ti yé mi pé òun nìkan, nínú gbogbo ilé, ló gbọ́ mi. Ó mọ ohun tó ṣe, ó mọ ohun tí mò ń ṣe, ó sì ń wá síbẹ̀ láràárọ̀ láti gbà á. Mi ò dárí jì í. Bí a bá ń lọ sí Àjàṣẹ́ pa pọ̀, òun ló ń yára rìn níwájú, èmi ń tiro bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú fóònù méjèèjì nínú àpò, ó sì máa ń bí mi nínú pé ẹsẹ̀ tí mo fi ìbínú tọ́jú ló ń rìn dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Á dúró ní ẹnu géètì, á máa retí mi. Mo sì ń gbàdúrà fún un, àdúrà tó ti inú mi wá ni, kí ó pẹ́ láyé, kí etí rẹ̀ má di. Ohun tí mo ṣì fẹ́ kà sí i létí pọ̀.